Ìbéèrè àti Ìdáhùn: “Iṣẹ́ wo gan-an ni wọ́n dá mi mọ́?”

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọ ọdún 27 ni mí, Òṣogbo ni mo ti wá. Akáńtì ni mo kà ní yunifásítì. Lẹ́yìn tí mo ṣe àgùnbánirọ̀ tán, mo ríṣẹ́ sí ẹ̀ka akáńtì nílé iṣẹ́ kan n'Íbàdàn, ó ti di ọdún kan àtààbọ̀ báyìí. Owó oṣù ń wọlé, àmọ́ ọkàn mi kò sí níbẹ̀. Bí Mọ́ńdè bá ti ń bọ̀, ara mi á ti wúwo. Mo wá dara pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan lórí WhatsApp, mo san ₦45,000. Wọ́n ní kí n dáhùn àwọn ìbéèrè kan, wọ́n wá sọ fún mi pé iṣẹ́ sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ lórí rédíò ni Ọlọ́run dá mi fún, pé akáńtì yìí ni kò jẹ́ kí ògo mi hàn. Wọ́n ní ìpele kejì wà tí màá san ₦120,000 fún. Mo ti kọ lẹ́tà pé mo fiṣẹ́ sílẹ̀, n kò tíì fi ránṣẹ́ ni. Ẹ jọ̀ọ́ mà, báwo lèèyàn ṣe ń mọ iṣẹ́ tí wọ́n dá a mọ́?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, má fi lẹ́tà yẹn ránṣẹ́ ná.

Lẹ́tà bíi tìrẹ kẹrin rèé lóṣù yìí nìkan, inú mi sì ń bí mi. Kì í ṣe sí ọ, sí àwọn tó ń gbowó lọ́wọ́ yín ni. Ìbéèrè tí o bi mí kò ṣeé dáhùn bó ṣe wà, torí pé ohun tí o gbé e lé kò dúró. O ń béèrè bí ẹni pé iṣẹ́ kan wà níbì kan tí wọ́n ti kọ orúkọ rẹ sí lára, tó jókòó tó ń retí rẹ. Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti fi ń ṣe iṣẹ́ ìdámọ̀ràn, fún àwọn ọmọ girama àti fún àgbàlagbà tó fẹ́ pààrọ̀ iṣẹ́. N kò tíì rí ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń dúró dè. Àwọn tí mo rí, ibi tí ilẹ̀kùn ti ṣí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n mọ iṣẹ́ náà dunjú, ìfẹ́ wá tẹ̀ lé e. Mo rí àwọn tí wọ́n mọ̀ ọ́n dunjú tí ìfẹ́ kò sì dé. Àwọn yẹn fi ibẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì lè fẹnu ara wọn sọ ìdí tí wọ́n fi lọ.

Ẹnìkan á ní, “Àkúnlẹ̀yàn ńkọ́, mà?” Àwọn tó fún wa ní ọ̀rọ̀ orí náà ló fún wa ní ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀. Nínú ìtàn tí àwọn babaláwo máa ń sọ, gbogbo orí péjọ láti gbìmọ̀, wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí i, ìpinnu wọn kò sì rí ọwọ́ mú títí wọ́n fi lọ pè é. Ohun tí orí yàn, ẹsẹ̀ ló ń rìn ín débẹ̀.

Wo ìdílé Àyàn. Kò sẹ́ni tó ń bi ọmọ Àyàn bóyá ó nífẹ̀ẹ́ ìlù kí wọ́n tó gbé ìlù kékeré kọ́ ọ léjìká. Ìyá ìlù ṣì jìnnà sí i. Níbẹ̀rẹ̀, apá á máa ro ó, á ṣi ìlù lù, àwọn àgbà á sì bá a wí lójú agbo. Ìgbà tó bá di ọjọ́ kan tó fi ìlù ki èèyàn, tí onítọ̀hún gbọ́ oríkì bàbá rẹ̀ tó sì dìde jó, ọjọ́ yẹn ni ìlù tó wọ inú ọmọ náà lọ. Ọwọ́ ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n, ọkàn tẹ̀ lé e. (Ẹ̀yin òbí, n kò ní kí ẹ máa fi tipátipá ti ọmọ sínú ìmọ̀ ìṣègùn o. Ìyẹn tún jẹ́ àrùn mìíràn, ọjọ́ rẹ̀ ń bọ̀.)

Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń pè ní páṣọ̀n, ìyẹn ìfẹ́ iṣẹ́ tó gba gbogbo ọkàn, èso ni. Àwọn oníṣòwò yìí ń tà á fún yín bí ẹni pé irúgbìn ni. Èyí kì í ṣe èrò tèmi nìkan. Lọ́dún 2018, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta, Paul O'Keefe, Carol Dweck àti Gregory Walton, gbé ìwádìí jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n fi fídíò kan tó dùn ún wò han àwọn akẹ́kọ̀ọ́, nípa ohun tí wọ́n ń pè ní ihò dúdú (black hole) lójú ọ̀run. Ó wù wọ́n. Wọ́n wá fún wọn ní àpilẹ̀kọ tó le lórí ọ̀rọ̀ kan náà. Àwọn tó ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ìfẹ́ jẹ́ ohun tí èèyàn kàn ń ṣàwárí, ìfẹ́ tiwọn ló já wálẹ̀ jù nígbà tí kíkà náà le. Kí ló fà á? Ẹni tó bá gbà pé iṣẹ́ tòun á rọrùn látọjọ́ kìíní, bó bá ti le, á ní, “Tèmi kọ́ nìyí.” Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá òmíràn kiri.

Ohun tí mo ń bẹ̀rù fún ọ nìyẹn. Iṣẹ́ rédíò náà ní Mọ́ńdè tirẹ̀. N kò bẹnu àtẹ́ lù ú. Mo ní ọ̀rẹ́ tó ti fi í tọ́ ọmọ mẹ́ta. Àmọ́ bi ẹni tó ń ṣe é léèrè nípa jíjí láago mẹ́ta òru torí ètò àárọ̀, nípa wíwá ìpolówó ọjà kiri kí ètò rẹ má bàa kúrò lórí afẹ́fẹ́. Kí n tiẹ̀ bi ọ́: àwọn tó ní Ọlọ́run dá ọ fún rédíò yìí, ṣé wọ́n gbọ́ ohùn rẹ rí? O tẹ ìdáhùn sórí fóònù, ó parí síbẹ̀.

Ìwé ìbéèrè tó ń wo ìfẹ́ iṣẹ́ wà lóòótọ́, mo sì ń lò ó. Edward Strong, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, ti gbé tirẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1927. Nílé níbí, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Bakare ṣe tiwa lọ́dún 1977, kánsẹ́lọ̀ tó bá mọṣẹ́ á mọ̀ ọ́n. Iṣẹ́ tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ ń ṣe ni pé ó ń to àwọn ohun tó wù ọ́ jọ, kó lè hàn pé apá ibí ni wọ́n dojú kọ, apá ọ̀hún kọ́. Kò mọ ògo ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi í sọ àsọtẹ́lẹ̀ fún ọ, ayédèrú ni.

Ṣé o mọ bí iṣẹ́ ìdámọ̀ràn yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà? Lọ́dún 1959 ni, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Íbàdàn tí o wà yẹn gan-an. Àwọn sísítà ìjọ Àgùdà pe nǹkan bí ogún èèyàn láti ẹnu oríṣiríṣi iṣẹ́ pé kí wọ́n wá bá àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ jáde sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ náà jẹ́ 60. Àkọsílẹ̀ sọ pé 54 nínú wọn ló ríṣẹ́ gidi lẹ́yìn náà. Ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ló wá sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Ohun tó kù sí ọ lọ́wọ́ nìyẹn, kò sì gbowó.

Ó yá, jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ tìrẹ. Àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá méjì, Edward Deci àti Richard Ryan, ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣàlàyé pé ohun mẹ́ta ló ń mú kí iṣẹ́ wu èèyàn látinú wá: kó ní ẹnu nínú bó ṣe ń ṣe é, kó rí i pé òun mọ̀ ọ́n ṣe, kó sì wà láàárín àwọn tó ka òun sí. Èwo ni kò sí níbi iṣẹ́ rẹ? O kò sọ fún mi. “Ọkàn mi kò sí níbẹ̀” kò tó. Ṣé ìṣirò ló sú ọ ni, àbí ọ̀gá tó ń jágbe mọ́ ọ? Àbí láti ọdún kan àtààbọ̀, ríṣíìtì nìkan ni wọ́n ní kí o máa tẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà? Tó bá jẹ́ ìkẹta yìí, ìlù kékeré lo ṣì gbé kọ́ o. Inú akáńtì fẹ̀: ọ́díìtì wà, owó orí wà, ìṣirò iye tí ọjà ń náni nílé ìpèsè wà, ọ̀kan kò sì jọ èkejì. Bẹ ọ̀gá rẹ kó fún ọ níṣẹ́ míì tó le ju èyí lọ fún oṣù mẹ́ta. Bí o bá ti bẹ̀rẹ̀ ìdánwò ICAN, ìyẹn ìdánwò ẹgbẹ́ àwọn akáńtì ní Nàìjíríà, má dá a dúró.

Ní ti rédíò, lo ìsinmi ọdún rẹ. Lọ bẹ ilé iṣẹ́ rédíò kan pé kí wọ́n jẹ́ kí o wá jókòó tì wọ́n fún ọ̀sẹ̀ kan. Máa fi fóònù ka ìròyìn sílẹ̀ lálaalẹ́, fún àjèjì gbọ́, má fún ìyá rẹ. Bó bá ṣì ń wù ọ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, tí o sì ti ní owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́fà nílẹ̀, kọ̀wé sí mi, a jọ máa sọ̀rọ̀ bí o ṣe máa lọ.

Kò sì pọn dandan kí ìfẹ́ iṣẹ́ gba gbogbo ọkàn rẹ. Obìnrin kan ń wá sọ́dọ̀ mi, iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, ó ń ṣe é dáadáa, ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni ayọ̀ rẹ̀ wà. Agogo mẹ́rin lù, ó gbé báàgì. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí: n kò rí ọ lójúkojú, lẹ́tà rẹ nìkan ni mo kà. Bó bá jẹ́ pé oorun kò wá mọ́, tí oúnjẹ kò lọ, tí ohun tó ń dùn mọ́ ọ tẹ́lẹ̀ kò dùn mọ́ kódà ní Sátidé, dókítà ni kí o lọ rí, kì í ṣe èmi. Bí wọ́n bá sì ń jẹ ọ́ lówó oṣù, tàbí tí ẹnìkan ń fọwọ́ kàn ọ́ níbi tí kò yẹ, ọ̀rọ̀ mi yí padà: má dúró retí kí ìfẹ́ dàgbà níbẹ̀.

Ní ti ₦45,000, tọ́jú ríṣíìtì àti gbogbo ohun tí wọ́n kọ sí ọ lórí WhatsApp. Agbẹjọ́rò ló lè sọ bóyá ó ṣeé gbà padà, èmi kò lè sọ ọ́. Ti ₦120,000 ni mo lè sọ: má san án.