Báńkì kò tíì sanwó, onílé sì ń halẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà wa. Olùkọ́ ni mí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo fẹ́ ra ilé oníyàrá mẹ́ta kan ní Mólípa, ẹ̀yáwó NHF (owó ìjọba àpapọ̀ fún ilé) ni mo sì fẹ́ fi rà á. Mo ti san ìdá mẹ́wàá sílẹ̀. Àádọ́rùn-ún ọjọ́ ni ìwé àdéhùn fún mi láti san ìyókù. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, báńkì ṣì ń ní kí n ṣe sùúrù. Onílé ti ní òun á tà á fún ẹlòmíì. Ṣé kí n yáwó ní alájẹṣẹ́kù kí n fi san án?

Ìdáhùn: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é. Bí báńkì bá rí àléébù nínú ìwé ilé náà lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán, ọrùn yín ni gbèsè náà máa wà.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí fáìlì yín wà gan-an. Federal Mortgage Bank, báńkì ìjọba àpapọ̀, ló ń mójú tó owó NHF, kì í ṣe báńkì tí ẹ bá sọ̀rọ̀, nítorí náà fáìlì lè há sí ọ̀dọ̀ èyíkéyìí nínú wọn. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀, ló máa ń pẹ́ sí jù. Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti 1978 kò gbà kí ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ tó ní C of O (ìwé àṣẹ ìjọba lórí ilẹ̀) tàbí kó fi dógò láìgba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ní 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdógò kan torí pé kò ní ìyọ̀ǹda yìí. Báńkì kì í fi ṣeré látìgbà náà.

Ìwé onílé ni wọ́n sì máa fi gba ìyọ̀ǹda yẹn: C of O rẹ̀, ìwé owó-orí rẹ̀, ìbuwọ́lù rẹ̀. Ẹni tó ń halẹ̀ yẹn gan-an lè jẹ́ ẹni tó ń fa ìdádúró. Mo ṣe irú ẹ̀ rí (mo yí orúkọ padà). Ọ̀sẹ̀ márùn-ún la fi ń retí. Ọjọ́ tí mo tẹ́ ìwé méjèèjì sórí tábìlì, C of O ní Odusanya, ìwé sọ́fè ní Odesanya. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni! Onílé lọ búra ní kóòtù pé ẹnì kan náà ni, fáìlì sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ní ti onílé, ẹ bẹ̀ ẹ́ fún àfikún ọjọ́ báyìí, kí àádọ́rùn-ún ọjọ́ náà tó pé. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kí ẹ so lẹ́tà báńkì mọ́ ọn. Bí àdéhùn yín kò bá sọ gbangba pé ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ yẹ̀, onílé kò lè dédé tú àdéhùn náà ká. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí yín, kó sì fún yín láyè tó tó. Ẹ tún wo rìsíìtì yín: ṣé lọ́yà ló ń bá ẹ̀yin méjèèjì tọ́jú ìdá mẹ́wàá náà, àbí ó ti wọ àpò onílé? Bó bá ti wọ àpò rẹ̀, ẹ má fi àfikún ọjọ́ yẹn falẹ̀ rárá.

Bó bá jẹ́ Èkó ló ń gbé, ẹ má dúró dìgbà tó máa wálé fún Ojúde Ọba. Ẹ gbé ìwé náà lọ bá a níbẹ̀.