Èsì: Ṣé Kristẹni nìkan ló ń sọ̀rọ̀ ní Gifford Lectures?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n wa ní Kubwa tó béèrè. Gifford Lectures ni àwọn àsọyé nípa ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tí wọ́n máa ń ṣe ní àwọn yunifásítì Scotland. Seyyed Hossein Nasr, Mùsùlùmí ni, ó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ní Edinburgh ní 1981. Adam Gifford, adájọ́ ará Scotland tó fi owó sílẹ̀ fún àsọyé yìí, tó sì kú ní 1887, kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún rẹ̀ pé ẹlẹ́sìn èyíkéyìí, àní ẹni tí kò ní ẹ̀sìn rárá, lè sọ̀rọ̀.

Àmọ́ ó ní ohun tó dè é. Olùbánisọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ gbára lé ìṣípayá tàbí iṣẹ́ ìyanu. Làákàyè ni kó fi wádìí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run, bí onímọ̀ ìràwọ̀ ṣe ń wádìí ìràwọ̀. Kì í ṣe wáàsí, kì í sì í ṣe ìwàásù. Òfin yìí gan-an ni mo fẹ́ràn jù, torí òun ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ ìwé mímọ́ pa ẹnì kejì lẹ́nu mọ́.

Bí ẹgbẹ́ yín bá máa dá irú àsọyé yìí sílẹ̀ ní Abuja lóòótọ́:

1. Ẹ kọ òfin yẹn sínú lẹ́tà tẹ́ ẹ máa fi pe olùbánisọ̀rọ̀.
2. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn fún gbogbo ìlú. Gifford náà kò fẹ́ kó mọ sọ́dọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́.

Owó tó máa gbé e ró ńkọ́? Ẹ wá ìyẹn ná.