Ìdánwò aptitude àwọn ọmọ ogun òfurufú: ẹ má ra ìbéèrè, ẹ má ra ìsọ̀yè

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọ̀fà ni mo ti ń kọ̀wé sí yín. Àbúrò mi obìnrin yan NDA, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn ológun ní Kàdúná, sí ipò kìíní nínú JAMB. Ó fẹ́ di ọ́fíísà nínú iṣẹ́ ọmọ ogun òfurufú, kó sì máa wa bàálù. Ọkùnrin kan ní Ìlọrin sọ pé òun ní ojúlówó ìbéèrè aptitude test tí wọ́n máa ṣe, tòun ti ìdáhùn, àti pé òun máa fi ìsọ̀yè kún un kó má baà gbàgbé. ₦80,000 ló ní ká mú wá. Ìwé tó fi hàn wá nípọn, àwòrán bàálù àti oríṣiríṣi aago tó máa ń wà níwájú awakọ̀ ló kún inú rẹ̀. Ṣé ká san owó náà? Kí ló sì yẹ kó há sórí nínú ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tó kù?

Ìdáhùn: Ọmọ Ọlálọmí, mo kí yín, mo kí àbúrò yín náà. Ẹ má san kọ́bọ̀. Ìbéèrè yín kejì ni mo fẹ́ dúró lé, nítorí ibẹ̀ ni ọkùnrin yẹn gbà wọlé sí yín lára. Ẹ ti gbà pé ohun tí ọmọ rántí ni ìdánwò yìí ń wá. Ohun tó ń wá yàtọ̀ pátápátá.

Mo fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ológun ní ìṣirò àti físíìsì kí n tó fẹ̀yìn tì sí Ìlọrin, irú lẹ́tà yìí kò sì yé wá, láti Òmù-Àrán, láti Ìgbàjà, láti Àjàṣẹ́-Ìpo. Ẹnì kan ń ta expo, ẹnì kan ń ta past question, òmíràn ń ta àgúnmu. Ìgbàgbọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ lórí rẹ̀, pé bí orí bá ṣáà ti lè gba nǹkan púpọ̀ pamọ́, ọmọ yóò yege. Inú máa ń bí mi gan-an, nítorí àwọn tó ń san owó yìí kì í ṣe olówó. Ẹlòmíràn ta iṣu, ẹlòmíràn lọ yá owó náà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí wọ́n fi dá irú ìdánwò yìí sílẹ̀. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Amẹ́ríkà ń wá ẹgbẹẹgbẹ̀rún awakọ̀ bàálù kíákíá. Àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀wé ń wọlé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wọn kò lè parí ẹ̀kọ́ ìwakọ̀. Bàálù ń bàjẹ́, owó ń ṣòfò, àwọn kan sì ń kú. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà fún àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá tí John Flanagan jẹ́ olórí wọn. Àwọn yẹn to ìdánwò jọ, wọ́n sì ń fi máàkì láti 1 dé 9 díwọ̀n ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ní 1943, wọ́n tilẹ̀ gba ọ̀dọ́kùnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan wọlé láì wo máàkì wọn rárá, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni ìdánwò náà ń sọ. Nínú àwọn tí máàkì wọn kéré jù, díẹ̀ kín-ín ló rí ẹ̀kọ́ náà parí. Nínú àwọn tó wà lókè, èyí tó pọ̀ jù ló parí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń díwọ̀n nígbà náà ni wọ́n ṣì ń díwọ̀n lónìí. Ṣé ojú ọmọ yìí ń yára rí nǹkan? Ṣé ó lè yí àwòrán po nínú ọkàn rẹ̀ kó sì mọ bí yóò ṣe rí láti ẹ̀gbẹ́ kejì? Ṣé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ́ ti ojú? Ṣé ó lè ṣe nǹkan méjì pọ̀ kí ọ̀kan má ba ìkejì jẹ́, lábẹ́ aago tí kò dúró de ẹnikẹ́ni? Nínú TBAS, ọ̀kan nínú èyí tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà ń lò, ẹni tó ń ṣe ìdánwò á di ọ̀pá ìwakọ̀ mú, á fi ẹsẹ̀ tẹ pẹ́dà, á máa lé àmì kan tó ń sá kiri lójú kọ̀ǹpútà, bẹ́ẹ̀ ni etí rẹ̀ á máa gbọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó gbọ́dọ̀ dáhùn sí. Kí lèèyàn fẹ́ há níbẹ̀? Ẹ wo ọmọ tó ń kọ́ aṣọ òfì híhun níbí ní Ìlọrin. Ó lè ka orúkọ gbogbo ohun èlò òfì láì ṣì í, ṣùgbọ́n títí ọwọ́ rẹ̀ yóò fi mọ bí a ti ń ju ọ̀kọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa tẹ̀ nísàlẹ̀ lásìkò, kò tíì lè hun aṣọ kankan.

ASTB, èyí tí àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà fi ń yan awakọ̀ bàálù tiwọn, tún le fún oníhàhá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní apá púpọ̀ nínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà ló ń yan ìbéèrè bí ọmọ ṣe ń dáhùn. Bó bá gbà á, èyí tó le jù ú ló ń bọ̀. Bó bá ṣì í, wọ́n á mú èyí tó rọ̀ díẹ̀ wá. Ọmọ méjì lè jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kí ìbéèrè wọn má sì jọra. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n gbà kí ẹnikẹ́ni ṣe é láyé rẹ̀, nítorí náà kò sí pé èèyàn ń lọ fi ṣe àfiwò.

Ọ̀rọ̀ ìwé nípọn yẹn wá kàn. Mi ò rí i, mi ò sì ní búra. Ṣùgbọ́n bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe aago àti bàálù inú rẹ̀, ó jọ ìwé ìgbáradì ASTB tàbí ti AFOQT, ìdánwò tí àwọn ọmọ ogun òfurufú Amẹ́ríkà fi ń yan ọ́fíísà, tí ẹnì kan ṣe fọ́tókópì rẹ̀. Gbangba ni wọ́n ti ń ta irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí àṣírí kankan nínú rẹ̀. Kì í ṣe ìdánwò NDA. Àbúrò yín kò tilẹ̀ lè jókòó sí ìdánwò tí wọ́n kọ ọ́ fún, nítorí ẹni tó bá jẹ́ ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà nìkan ni wọ́n ń sọ di ọ́fíísà lọ́hùn-ún. Ká ní ojúlówó ìbéèrè NDA ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà ńkọ́? Ọ̀ràn tún burú sí i nìyẹn. Èmi kì í ṣe lọ́yà, ṣùgbọ́n Nàìjíríà ní òfin lórí màgòmágó ìdánwò láti 1999, kò sì yẹ kí ọmọ tó fẹ́ wọ aṣọ ológun kọ́kọ́ ní irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rùn.

Ní ti ìsọ̀yè, mi ò bá àwọn baba wa jà. Ẹni tó ń kọ́ Ifá ní ẹsẹ tí kò lóǹkà láti tọ́jú sórí, ó mọ ohun tó ń wá ìrántí fún. Ọmọ iléekéwú tó ń há Kùránì náà mọ̀ ọ́n, nítorí ohun tó ń há kì í yí padà láti àná dé òní. Ìbéèrè tí ọmọ kò rí rí, tí kò sì ní rí mọ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, kò ní ohun kankan fún ìrántí láti gbá mú. Yàtọ̀ sí èyí, àyẹ̀wò ìlera ń bọ̀ níwájú. Ẹ má fún ọmọ ní àgbo tí ẹ kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ fún un ní abẹ tí ẹ kò mọ ibi tó ti ń bọ̀. Mo sì ti gbọ́ nípa àwọn tó ń lo trámádọ̀ kí oorun má baà kùn wọ́n. Ìyẹn lè ba ayé ọmọ jẹ́ kó tó ṣe ìdánwò kankan. Bó bá ti lò ó rí, dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí.

Nǹkan kan wà nínú lẹ́tà yín tó yẹ kí n tún ṣe. NDA àti ìwakọ̀ bàálù kì í ṣe ẹnu ọ̀nà kan náà. Irú ìdánwò tí mo ṣàlàyé lókè, ti yíyan awakọ̀ ni. Ìdánwò àbáwọlé NDA ní ti ìwé nínú: Gẹ̀ẹ́sì, ìṣirò, ìmọ̀ gbogbogbòò. Ibẹ̀, kíkàwé lérè, kó ka ìwé WAEC rẹ̀ dáadáa. Ẹni tó bá yege á lọ síwájú ìgbìmọ̀ tó ń yan ọmọ ogun ní Kàdúná, níbi tí wọ́n ti ń wo ara, ìlera, ìwé ẹ̀rí àti ìwà. Kódà ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bíi kádẹ́ẹ̀tì òfurufú kò tíì di awakọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ́fíísà òfurufú ló jẹ́ ẹnjiníà, dókítà tàbí olùtọ́jú ẹrù. Tolulope Arotile, ọmọ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogí, jáde ní NDA ní 2017. Oṣù kẹwàá 2019 ló tó gba àmì ìyẹ́ awakọ̀, tó di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa hẹlikópítà ogun ní Nàìjíríà. Ọjọ́ kan náà ni Kafayat Sanni di obìnrin àkọ́kọ́ tó ń wa bàálù ìjà. Arotile ti lọ ní 2020, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Mo dárúkọ wọn kí àbúrò yín lè mọ̀ pé obìnrin ti gba ọ̀nà náà kọjá, àti pé ọ̀nà náà gùn.

Kí ló wá yẹ kó ṣe? Kó ra aago tó ń ka ìṣẹ́jú àáyá. Ìṣirò tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó máa ṣe, ṣùgbọ́n kó máa ṣe é kíákíá láì mú bírò. Bàálù ń sáré 240 kìlómítà ní wákàtí kan: ibo ni yóò dé ní ìṣẹ́jú 25? Ẹni tó bá ń wá ìwé láti fi ṣe é ti pẹ́. 240 ní ìṣẹ́jú 60 jẹ́ 4 ní ìṣẹ́jú kan, 4 lọ́nà 25 sì jẹ́ 100. Kó máa ṣe ogún irú rẹ̀ lálaalẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìhà ayé. Kó mọ̀ ọ́n bó ṣe mọ orúkọ ara rẹ̀ pé, nínú ìwọ̀n (degree) tí kọ́ńpáàsì fi ń ka ìhà, 090 ni ìlà oòrùn, 180 ni gúúsù, 270 ni ìwọ̀ oòrùn, 360 ni àríwá. Ẹni tó ń lọ láti Ìlọrin sí Òmù-Àrán, gúúsù ìlà oòrùn ló dojú kọ. Bó bá yí sí òsì ní ìwọ̀n 90, ibo ni ojú rẹ̀ kọ báyìí? Àríwá ìlà oòrùn. Kó wá yí máàpù Kwara po kí gúúsù wà lókè, kó tún un ṣe. Ibẹ̀ ni mo ti rí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ̀wé dáadáa tí wọ́n kọsẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn aago iwájú awakọ̀, tí irú ìwé yẹn máa ń ya àwòrán rẹ̀, pín sí méjì, òkè rẹ̀ búlúù, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní àwọ̀ ilẹ̀. Ó ń fi bí bàálù ṣe tẹ̀ hàn. Àmì bàálù tó wà láàárín kì í kúrò níbi tó wà, ìlà tó pààlà sánmà àti ilẹ̀ ló ń yí. Bí bàálù bá tẹ̀ sí ọ̀tún, ìlà náà á gòkè lápá ọ̀tún, á sì wálẹ̀ lápá òsì. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí i á dáhùn òdìkejì. Kó rántí pé inú bàálù ló jókòó sí: ìyẹ́ ọ̀tún ti wálẹ̀, nítorí náà apá ọ̀tún ni yóò ti máa rí ilẹ̀ púpọ̀. Bí èyí bá yé e lẹ́ẹ̀kan, kò nílò kó há àwòrán kankan.

Ti ẹ̀rọ náà wà. Ká ní gíà mẹ́ta tó ní eyín so kọ́ra ní ìlà kan. Bí ti àkọ́kọ́ bá ń yí sí ọ̀tún, ẹ̀kẹta náà ń yí sí ọ̀tún, ti àárín ló ń yí sí òsì. Ọ̀sán kan lọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó mọṣẹ́, tó sì ní sùúrù láti ṣí ẹ́ńjìnnì fún un, dára ju odidi ìwé ìbéèrè lọ. Kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì máa pe nọ́ńbà fún un nígbà tó bá ń fọ abọ́ tàbí tó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́, kó máa ro ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ èyí tó ṣíwájú rẹ̀, kó sọ èsì rẹ̀ jáde láì dá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dúró.

Mi ò ṣèlérí fún yín pé yóò yege. Ìfidánrawò máa ń gbé ọmọ sókè, ṣùgbọ́n ó ní ibi tó mọ. Ẹni tí kò bá sì gbà á, kì í ṣe pé orí rẹ̀ kò pé. Oorun tó péye ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò ṣe pàtàkì. Àìsùn máa ń dín ìyára ojú àti ọwọ́ kù.

Nínú ₦80,000 yẹn, ẹ mú díẹ̀ lọ fi yẹ ojú rẹ̀ wò. Ẹ̀ka ìtọ́jú ojú wà ní ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin, UITH. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ bó ṣe ń rí àwọ̀ wò pẹ̀lú, nítorí ẹni tí kò bá mọ pupa yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé lè má mọ̀ ọ́n lára títí di ọjọ́ tí wọ́n máa dá a padà. Àìríyàtọ̀ àwọ̀ tí wọ́n bí mọ́ èèyàn kò ní oògùn. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kán oyin tàbí omi ewé sí i lójú.

Ọjọ́ orí, gíga àti ọjọ́ ìdánwò, ẹ lọ kà wọ́n lórí ìkànnì NDA fúnra rẹ̀, nítorí wọ́n lè yí wọn padà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń san owó fọ́ọ̀mù. Ní ti àwọn ọmọ ogun òfurufú tó ń gba èèyàn síṣẹ́ tààrà, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa ń kéde pé ó jẹ́. Bí ọkùnrin Ìlọrin yẹn bá ti gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ bi í níwájú ẹlẹ́rìí, ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan tó kọ sí yín rẹ́. Bó bá kọ̀ tí kò dá a padà, ẹ kó àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.