Kí àbúrò yín tó tọwọ́ bọ̀wé lóònù liberal arts yẹn

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àbójútó àbúrò. Ẹ ní ọmọ ọdún 19 ni, ọ̀dọ̀ àǹtí yín ní Houston ló ń gbé, ó fẹ́ lọ ka liberal arts (ẹ̀kọ́ oríṣiríṣi tí kò dojú kọ iṣẹ́ kan pàtó) ọlọ́dún méjì ní kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì, ẹ wá lọ wo College Scorecard, wẹ́ẹ̀bùsáìtì ìjọba Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, owó tí wọ́n ní àwọn tó jáde ń gbà ò wú yín lórí, gbèsè tí wọ́n kọ síbẹ̀ sì tún bà yín lẹ́rù. Ẹ ń bi wá bóyá kó yá lóònù lọ kà á àbí kó kúkú wá nǹkan míì ṣe.

Nọ́ńbà yẹn ni kí n kọ́kọ́ sọ. Owó iṣẹ́ tí Scorecard ń gbé jáde fún kọ́ọ̀sì kan, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí wọn ò sí nílé ìwé mọ́ ni wọ́n kà. Liberal arts ọlọ́dún méjì ọ̀hún sì rèé, torí kéèyàn lè gba ibẹ̀ kọjá sí yunifásítì ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kọjá tó ṣì ń kàwé lọ́hùn-ún kò sí nínú owó tí ẹ rí yẹn, àwọn tó dúró síbẹ̀ ni ẹ ń wò. Gbèsè náà ńkọ́? Àwọn tó yá lóònù ìjọba nìkan ni. Ẹni tí Pell Grant, ìyẹn ẹ̀bùn owó ìjọba tí a kì í san padà, gbé já a tí ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, wọn ò kà á mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn yọ̀ jù o. Iye tí BLS, àjọ ìjọba tó ń ka owó iṣẹ́, gbé jáde fún 2023, ẹni tó bọ́ sí àárín nínú àwọn tó ní associate (ìwé ẹ̀rí ọlọ́dún méjì) ń gba dọ́là 1,058 lọ́sẹ̀, àwọn tó lọ kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọn ò gba ìwé ẹ̀rí kankan jáde 992, àwọn tó ní bachelor's (dìgírì ọlọ́dún mẹ́rin) 1,493. Dọ́là 66 péré ló wà láàárín ẹni tó parí ọdún méjì yẹn àti ẹni tó fi í sílẹ̀, àwọn nọ́ọ̀sì tó ka associate náà sì wà nínú 1,058 yẹn, àwọn náà wà lára ohun tó ń gbé e sókè. Nítorí náà liberal arts tí kò ní kọjá síbì kankan, èmi ò ní yá owó fún un. Èyí tó máa kọjá, ó dáa gan-an, ó dín owó ọdún méjì àkọ́kọ́ kù.

Ibi tó dùn mí jù wá ni pé kò sẹ́ni tó máa ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ béèyàn bá ní láti dúró láàárín ọ̀nà. Nígbà tí èmi náà wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, màmá mi ṣàìsàn ní Ìbàdàn láàárín sẹ̀mẹ́sítà, mo sì gbọ́dọ̀ lọ. Mo lọ bá adviser, olùdámọ̀ràn ilé ìwé, obìnrin náà ń jẹ sàláàdì nínú ike lọ, kò tiẹ̀ wojú mi, ó ti fọ́ọ̀mù kan sí mi lábẹ́ gíláàsì, ó ní kí n sáìnì, ó ní kò sí wàhálà, tí mo bá padà dé kí n tún orúkọ kọ. Kò sí wàhálà kẹ̀! Òfin owó ìjọba ni pé béèyàn bá kúrò kí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún sẹ̀mẹ́sítà tó pé, ìwọ̀nba ọjọ́ tó fi wà níbẹ̀ ni owó tó tọ́ sí i. Ká sọ pé ọ̀sẹ̀ 15 ni sẹ̀mẹ́sítà, ẹ kúrò nígbà tí ọ̀sẹ̀ kẹfà parí, ìdá 40 lẹ ní, ìyókù ń padà sọ́dọ̀ ìjọba, ilé ìwé á wá yíjú sí yín pé ẹ̀yin lẹ jẹ àwọn báyìí. Mo dé láti Nàìjíríà, mo bá bíìlì nínú àpótí lẹ́tà. Wọ́n ti ti àkáǹtì mi pa, wọn ò fún mi ní transcript, ìwé tó ń fi máàkì hàn, yunifásítì tó ti fẹ́ gbà mí ní òun ò lè dúró. Mo lọ sí ọ́fíìsì financial aid tó ń bójú tó owó ìrànwọ́, wọ́n ní kí n lọ bá bursar tó ń gba owó ilé ìwé, bursar ní kí n padà sí financial aid, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ní ó wà lórí wẹ́ẹ̀bùsáìtì, bí ẹni pé ara wẹ́ẹ̀bùsáìtì ni mo ń sùn. Kí n tó rówó kó jọ níbi iṣẹ́ alẹ́ tí mò ń ṣe nílé àwọn arúgbó, wọ́n ti fi gbèsè yẹn lé àwọn agbowó gbèsè lọ́wọ́, àwọn yẹn sì fi owó tiwọn lé e.

Lóònù tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Téèyàn bá ti ń mú kíláàsì tí kò tó ìdajì ti akẹ́kọ̀ọ́ kíkún, ìyẹn kírẹ́díìtì 6 lọ́pọ̀ ibi, oṣù 6 tí wọ́n fi ń dáni sí kí sísan tó bẹ̀rẹ̀ á máa lọ nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń fúnni. Tèmi ti tán kí n tó padà sí kíláàsì, nítorí náà nígbà tí mo jáde, kò sí oore-ọ̀fẹ́ kankan mọ́. Àwọn tó ń bá ìjọba gba owó lóònù ọ̀hún padà, orin ni wọ́n ń kọ síni létí lórí fóònù.

Ti kírẹ́díìtì tó máa bá a kọjá sí yunifásítì, kó kàn mú core curriculum Texas, ìyẹn àwọn kíláàsì ìpìlẹ̀, wákàtí kírẹ́díìtì 42 ni, àwọn yunifásítì ìjọba ibẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà á. Kó mọ yunifásítì tó ń lọ kó tó mú kíláàsì kankan, kí yunifásítì náà sì fi íméèlì sọ fún un pé àwọn máa gba kíláàsì ọ̀hún. Ọ̀rọ̀ ẹnu adviser, ẹ má gbà á.

FAFSA, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń béèrè owó ìrànwọ́ ìjọba, kó ṣe é, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn tó ń gba owó lórí WhatsApp láti bá èèyàn fi orúkọ sílẹ̀, ẹ sá fún wọn. Àǹtí yín kì í ṣe òbí lójú FAFSA o, kódà bó bá ń bọ́ ọ. Àwọn òbí yín ní Nàìjíríà ló máa kọ iye tí wọ́n ń rí, wọ́n sì lè ṣí àkáǹtì lórí studentaid.gov bí wọn ò tiẹ̀ ní SSN, nọ́ńbà Social Security Amẹ́ríkà.

Pell tó ga jù ní 2025-26 jẹ́ dọ́là 7,395, ní ọ̀pọ̀ kọ́múnítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ó ju owó ilé ìwé lọ. Bó bá ku nǹkan, ìjọba lè fún un ní lóònù 5,500 lọ́dún kìíní, 6,500 lọ́dún kejì, ṣùgbọ́n 3,500 àti 4,500 nìkan ni ìjọba ń bá a san èlé ẹ̀ bó ṣì ń kàwé. Ìyẹn nìkan ni kó gbà, kó kọ ìyókù, wọ́n gbà á láyè. Lẹ́tà owó ìrànwọ́ tí ilé ìwé á fi ránṣẹ́ máa to lóònù mọ́ ẹ̀bùn bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Bó bá kó gbogbo 12,000 náà ní èlé 6.39% ti 2025-26, bí 136 dọ́là lóṣù ni fún ọdún mẹ́wàá, kò tíì wọ yunifásítì o.

Àbí ẹ ò tiẹ̀ sọ bóyá ó ní green card. Bó bá jẹ́ F-1, físà akẹ́kọ̀ọ́, ló ní, kò sí Pell, kò sí lóònù ìjọba, owó ẹni tó wá láti òkè òkun ló máa san, kò sì lè ṣiṣẹ́ níta ọgbà ilé ìwé lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ sọ èyí tó jẹ́, ká lè mọ ibi tá a ti máa mú un.