Ọ̀bẹ mẹ́ta lára àmì Essex

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olùkọ́ wa. Essex, ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni èmi àti ìdílé mi ń gbé. Wọ́n fún ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, níṣẹ́ àmúrelé lórí àwọn Saxon, ẹ̀yà kan láyé àtijọ́. Ó wá bi mí léèrè ìdí tí ọ̀bẹ mẹ́ta fi wà lára àmì Essex. Àbúrò mi tó ń gbé ní Dresden, ní Jámánì, ní Saxony lorúkọ agbègbè tiwọn náà. Ṣé ẹ̀yà kan náà ni? Kí ni kí ọmọ yìí kọ?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Ìbéèrè ọmọ yín dára gan-an ni, torí ara ọ̀bẹ yẹn ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé orúkọ Saxon ti wá. Seax ni wọ́n ń pè é láyé ìgbà yẹn: ọ̀bẹ olójú kan, tí wọ́n ń fi há ìgbànú. Wọ́n ń fi gé ẹran nílé, wọ́n sì ń mú un lọ sógun. Àwọn tó ń mú un kiri ni wọ́n ń pè ní Saxon. Essex fúnra rẹ̀, "àwọn Saxon ìlà oòrùn" ló túmọ̀ sí.

Ọ̀bẹ ara àmì yẹn tẹ̀ kọdọrọ bíi idà Lárúbáwá. Seax gidi kì í rí bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ráyè, ẹ mú ọmọ lọ wo èyí tó wà ní British Museum, tí wọ́n rí nínú odò Thames, lápá Battersea, lọ́dún 1857. Ojú rẹ̀ gùn gbọọrọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló dà gẹ̀rẹ́ dé ṣóńṣó. Wọ́n tẹ gbogbo lẹ́tà àtijọ́ wọn, 28, sára irin náà, wọ́n sì tẹ orúkọ ọkùnrin kan, Beagnoth, mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ ka lẹ́tà náà fúnra rẹ̀.

Àríwá Jámánì òde òní ni ilé àwọn Saxon, níbi tí odò Elbe àti Weser ti ń wọnú òkun. Ilẹ̀ ibẹ̀ rẹlẹ̀, omi òkun a sì máa ya wọ̀lú. Ní Feddersen Wierde, nítòsí Bremerhaven, àwọn awalẹ̀pìtàn hú odidi abúlé jáde. Amọ̀ àti ìgbẹ́ màlúù ni àwọn ará ibẹ̀ fi mọ òkìtì tí wọ́n kọ́lé lé. Bí omi bá tún ga sí i, wọ́n á tún mọ òkìtì sí i. Ní ọ̀rúndún karùn-ún, wọ́n fi ibẹ̀ sílẹ̀. Inú mi kì í dùn tí wọ́n bá ń kọ́ ọmọdé bíi pé ogun nìkan làwọn èèyàn yìí mọ̀. Àgbẹ̀ tí omi ń lé ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu àwọn ará Róòmù, ajalèlókun tó bá ti ọ̀nà ibẹ̀ yọ ni Saxon. Torí wọn ni wọ́n ṣe pe etíkun gúúsù ìlà oòrùn Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Etíkun Saxon, tí odi ológun sì tò lọ rẹrẹ síbẹ̀. Lẹ́yìn tí ọmọ ogun Róòmù kó kúrò, àwọn Saxon wá tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú àwọn Angle àti Jute. Bede, mọ́ǹkì tó parí ìwé ìtàn rẹ̀ ní 731, ló kọ orúkọ ẹ̀yà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Títí dòní, Saeson ni àwọn ará Wales ń pe Gẹ̀ẹ́sì.

Ti Dresden wá ńkọ́? Rárá o, ilẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ti Saxon ìgbà yẹn. Ẹ̀yà Slav ló wà níbẹ̀, èdè wọn náà ni orúkọ Dresden ti jáde. Àwọn Saxon tó kù sílé ni Charlemagne, ọba àwọn Frank, bá jagun láti 772 títí di 804, kó tó sọ wọ́n di Kristẹni tipátipá. Nígbà tó yá, ilẹ̀ wọn di ti ìjòyè kan tó ń jẹ oyè Saxony. Ní 1180, wọ́n gba oyè náà lọ́wọ́ Henry tí wọ́n ń pè ní Kìnnìún, wọ́n gbé e fún ìdílé mìíràn tó ń jọba ní Wittenberg. Nígbà tó di 1423, ó bọ́ sọ́wọ́ àwọn olúwa Meissen, tí ilẹ̀ wọn, níbi tí Dresden wà, jìnnà sí òkun. Orúkọ bá oyè gun odò Elbe lọ; àwọn èèyàn ò bá a lọ. Ilẹ̀ àtijọ́ gan-an ló ń jẹ́ Saxony Ìsàlẹ̀ báyìí, Hannover sì ni olú ìlú rẹ̀.

Kí ọmọ ya àwòrán ilẹ̀ náà, kó fi àmì sí ẹnu odò Elbe, Essex àti Dresden, kó sì kọ sábẹ́ Dresden pé orúkọ nìkan ló dé ibẹ̀. Ogun Charlemagne kò yẹ fún ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀. Tó bá di Sátidé, ẹ wakọ̀ lọ sí Bradwell-on-Sea. Ṣọ́ọ̀ṣì kékeré kan wà níbẹ̀ létí òkun, tí bíṣọ́ọ̀bù Cedd kọ́ ní nǹkan bí ọdún 654, nígbà tó ń wàásù fún àwọn Saxon Essex. Òkúta odi tí Róòmù mọ nítorí ajalèlókun ni wọ́n tú, tí wọ́n fi kọ́ ọ. Kí ọmọ yín fọwọ́ kàn án.