Omi Àyà Tó Ń Padà Wá: Ṣé Tíbì Náà Ni?

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o, òkun o. Ìyàrà ní Ìjùmú ni mo ti ń kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ àbúrò mi obìnrin ni, ọmọ ọdún 23. Ó bẹ̀rẹ̀ bíi oṣù márùn-ún sẹ́yìn, ó ní bí òun bá ti mí sínú báyìí, bí ìgbà tí wọ́n fọ̀bẹ gún òun ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún ni, ibà ń ṣe é, ó ń wúkọ́ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n ní òtútù àyà ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ fún ọjọ́ méje, kò lọ. Wọ́n wá ya ẹ́sírè, wọ́n rí omi, wọ́n fà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ike omi ńlá kan, ó pọ́n bíi tíì tí kò ní mílíìkì. Wọn ò rí kòkòrò tíbì nínú ẹ̀ ṣùgbọ́n wọ́n ní kó máa lo oògùn tíbì, ó ti di oṣù kẹta báyìí, omi yẹn tún ti padà. Mọ́mì ní ká dá oògùn yẹn dúró ká lọ wá àgbo, àwọn kan nínú ilé ní ayé ló ń ṣe é. Ọwọ́ rẹ̀ tún máa ń le láàárọ̀, kò lè ṣí ìdérí kúlà, irun rẹ̀ sì ń já sórí kóòmù. Kí la máa ṣe?

ÌDÁHÙN: Òkun o, ẹ kú ìtọ́jú, ẹ kú ìrọ́jú. Mo ka ọ̀rọ̀ yín lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó ń le láàárọ̀ àti irun tó ń já tí ẹ fi parí ẹ̀ yẹn ni ọkàn mi dúró lé. Òtútù àyà kì í jẹ́ kí irun já bẹ́ẹ̀, tíbì kì í sì í sábà mú oríkèé ọwọ́ méjèèjì láàárọ̀.

Àìsàn kan wà tí wọ́n ń pè ní lupus. Àwọn ọmọ ogun inú ara tó yẹ kó máa lé kòkòrò jáde, wọ́n á kọjú sí ẹni tó ni wọ́n, wọ́n á máa bá oríkèé jà, wọ́n á bá awọ ara jà, wọ́n á bá kíndìnrín jà. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì ló bo ẹ̀dọ̀fóró wa, omi tó wà láàrin wọn ò ju síbí kan tàbí méjì lọ, òun ló ń jẹ́ kí wọ́n máa yọ̀ lára wọn bí a ṣe ń mí. Tí lupus bá mú awọ yẹn, á wú, á máa ha ara wọn, ìdí nìyẹn tí mímí fi ń dùn ún bí ọ̀bẹ, omi á wá máa sun jáde síbẹ̀. Ibà náà á wà, kòkòrò kankan ò sì sí níbẹ̀. Nínú èèyàn mẹ́wàá tó ní in, bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin, àwọn tó wà láàrin ọdún 15 sí 45 ló sì pọ̀ jù.

Ẹ má bínú sí dókítà tó kọ oògùn tíbì o. Tíbì pọ̀ nílẹ̀ wa, kòkòrò rẹ̀ kì í sì í pọ̀ nínú omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, ó lè wà níbẹ̀ kí àyẹ̀wò má rí i. Ohun tó ń dùn mí ni pé omi padà, kò sì sẹ́ni tó bi ọmọ náà léèrè nípa ọwọ́ ẹ̀. Mo ti rí irú ẹ̀ rí, ọmọbìnrin kan tó gbé ọwọ́ lé ẹ̀gbẹ́ wọlé wá bá mi, ìrọ̀rí mẹ́ta ló fi ń sùn, ẹ́sírè mẹ́rin ló kó wá nínú nylon, ìgbà tí mo ní kó la ẹnu ni mo rí egbò lókè ẹnu rẹ̀ tí kò tiẹ̀ dùn ún, irú egbò bẹ́ẹ̀ wà lára àmì lupus, kò sẹ́ni tó ti ní kó la ẹnu rí.

Torí náà ẹ bi àbúrò yín: ṣé oòrùn máa ń jẹ́ kí ojú ẹ̀ yọ nǹkan pupa láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé ìkejì, gba orí imú? Ṣé ẹsẹ̀ ẹ̀ ń wú? Ṣé ìtọ̀ ẹ̀ ń hó bí ẹmu? Tó bá ń hó, ẹ má fi falẹ̀ rárá, ó lè jẹ́ kíndìnrín. Àmọ́ tí ìtọ̀ bá kàn pọ́n bí omi ọsàn, oògùn tíbì yẹn náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ má jáyà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá oògùn tíbì dúró fúnra yín, dókítà ló máa sọ bóyá kó dáwọ́ dúró. Ẹ sì má fi àgbo lé e, kíndìnrín tí a ò tíì yẹ̀ wò ò gbọdọ̀ máa ru ẹrù àgbo. Ọ̀rọ̀ ayé tí wọ́n ń sọ nílé yẹn, mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń ba wọn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ná. Ẹ gba Kábbà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ìjọba ní Lọ́kọ́jà, tàbí Ìlọrin tí ẹ bá ní èèyàn níbẹ̀, ẹ ní dókítà tó ń wo oríkèé lẹ fẹ́ rí. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ANA ni wọ́n máa kọ́kọ́ ṣe, àwọn ọmọ ogun tó kọjú sí ara ẹni yẹn ló ń wá, tí kò bá sí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ṣòro kó jẹ́ lupus, tó bá sì wà, ìyẹn nìkan ò tó, wọ́n á tún ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ mìíràn tó ń jẹ́ anti-dsDNA àti àyẹ̀wò ìtọ̀.

Tó bá jẹ́ lupus ni, oògùn kan tó ń jẹ́ prednisolone máa ń jẹ́ kí omi yẹn gbẹ, ṣùgbọ́n ó ń dín agbára tí ara fi ń bá kòkòrò jà kù, tíbì tó fara pamọ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ dìde, ẹ má lọ rà á ní kẹ́mísítì láé, ẹni tó bá sì ti ń lò ó pẹ́ ò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì. Èyí tó máa bá a rìn jìnnà ni hydroxychloroquine, ìbátan chloroquine tí a fi ń wo ibà nígbà kan, ó lè yún un lára, wọ́n á sì máa yẹ ẹyinjú ẹ̀ wò. Kó máa wọ aṣọ alápá gígùn àti fìlà tó bá ń lọ sóko. Ẹ ò bèèrè, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé Mọ́mì á bèèrè: ó lè bímọ, kí àìsàn náà ti rọlẹ̀ fún oṣù 6 ó kéré tán kó tó lóyún, kó sì máa lo hydroxychloroquine náà lọ nínú oyún.

Ẹ kó gbogbo ẹ́sírè dání, àti èsì omi tí wọ́n fà, àti káàdì oògùn tíbì. Tí èémí ẹ̀ bá wá ń kúrú débi tí kò lè sọ̀rọ̀ tán, ẹ má dúró de Lọ́kọ́jà, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn tó bá sún mọ́ yín jù lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an kí wọ́n fa omi yẹn ná.