Ẹ má fi “ṣé o mọ̀ mí?” yọ àbúrò yín lẹ́nu

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú o, Ọlọ́run á fún un lálàáfíà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ nípa àbúrò yín tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, tí ọ̀kadà gbé ṣubú tó fi orí gbálẹ̀, tó wá di pé ó mọ màmá yín dáadáa àmọ́ kò mọ ìyàwó tó gbé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àti pé ẹnì kan ní kẹ́ ẹ lọ wo fíìmù Jàpáànì kan, ti olórin tí iyè ẹ̀ rà tó sì tún ayé ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ béèrè pé ṣé kẹ́ ẹ bá a wò ó, àti pé ṣé iyè ẹ̀ máa padà. Èmi kì í ṣe dókítà o, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ wà nínú ẹ̀ yìí, mo ti wà nínú ẹ̀ rí, ọkọ mi ni tèmi, onígángan ni, mọ́tò ló gbá a.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ sọ ti fíìmù yẹn. Flashback Memories 3D ni wọ́n máa ní lọ́kàn, 2012 ló jáde, Tetsuaki Matsue ló ṣe é, ó sì gba ẹ̀bùn tí àwọn òǹwòran fúnra wọn ń dìbò fún níbi àjọ̀dún fíìmù Tokyo lọ́dún yẹn. Kì í ṣe pé wọ́n kọ ọ́ jọ o, ohun tó ṣẹlẹ̀ séèyàn gan-an ni. GOMA ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, ọmọ Osaka ni, ó ń fọn didgeridoo, ìyẹn fèrè gbọọrọ tí àwọn onílẹ̀ apá àríwá Ọsirélíà máa ń fi igi tí ikán ti jẹ inú ẹ̀ ṣe. Ó mọ̀ ọ́n fọn débi pé ó lọ bá àwọn tó ni ín díje nílẹ̀ wọn ní 1998, ó sì gbé ipò kejì. Fèrè yẹn kì í já lẹ́nu wọn, imú ni wọ́n fi ń fa èémí sínú nígbà tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣì ń ti atẹ́gùn síta, bí àwọn tó ń fọn algaita fọ́ba nílẹ̀ Haúsá ṣe máa ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ń gbà kí ara tó mọ̀ ọ́n.

Oṣù kọkànlá 2009, mọ́tò kan rọ́ lù ú látẹ̀yìn lójú ọ̀nà márosẹ̀ Tokyo. Èyí tó pọ̀ jù nínú nǹkan bí ọdún 10 tó ṣáájú ọjọ́ yẹn ló pòórá lórí ẹ̀, tuntun náà ò sì dúró, ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárọ̀ lè ti lọ kó tó dalẹ́. Wọ́n gbé fèrè ẹ̀ fún un, kò mọ̀ pé ohun èlò orin ni. Kò tíì pẹ́ tó kúrò ní ọsibítù ló mú ọ̀dà tí ọmọ ẹ̀ obìnrin fi ń ṣeré, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àmì róbótó kéékèèké kún bébà títí tí bébà fi kún dẹ́múdẹ́mú, ẹni tí kì í yàwòrán tẹ́lẹ̀ rí o. Nígbà tó yá, ó tún fi ẹnu kan fèrè, ó ń fi ara kọ́ ọ padà, ní 2011 ó padà sórí pèpéle níbi àjọ̀dún orin Fuji Rock.

Fíìmù náà ò ju ìṣẹ́jú 72 lọ. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ẹ̀ ni bí wọ́n ṣe tò ó. GOMA àtàwọn onílù ẹ̀ wà níwájú, wọ́n ń ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, gbogbo fídíò ayé ẹ̀ àtijọ́, ìrìn àjò, òde eré, ìdílé, ń kọjá lẹ́yìn wọn. Ohun tí òun àti ìyàwó ẹ̀ ń kọ sínú ìwé lójoojúmọ́ náà ń hàn lójú fíìmù, ẹ ó rí ìbẹ̀rù nínú ẹ̀. Ó kọjú sí wa, ó kẹ̀yìn sí gbogbo ìyẹn, ó ń fọn fèrè ẹ̀ lọ. Mo sunkún, torí bó ṣe rí nílé wa gẹ́lẹ́ nìyẹn, èmi ń rí gbogbo ohun tó wà lẹ́yìn ọkọ mi, òun ò rí i. Inú máa ń bí mi sí àwọn fíìmù tí ẹni tó gbàgbé máa gbọ́ orin kan ṣoṣo tí gbogbo ẹ̀ á sì padà wọlé wẹ́rẹ́, ẹkún ayọ̀, ó parí. Irú ẹ̀ ló ń jẹ́ kí àwọn èèyàn máa fi aláìsàn dánra wò.

Ẹ ṣáà ti mọ̀ wá nílẹ̀ Yorùbá, kò sẹ́ni tó máa wá kí aláìsàn tí kò ní fẹ́ kó mọ òun. “Ṣé o mọ̀ mí? Ta ni mí? Wò mí dáadáa.” Ọkọ mi á wo ojú ẹni náà, á yíjú wo ẹnu tèmi bóyá mo fẹ́ sọ nǹkan, á wá rẹ́rìn-ín, á ní “Bọ̀dá ni”, torí kò sí ọkùnrin tó jù ú lọ tí “Bọ̀dá” ò bá mu. Àlejò á pariwo ayọ̀, wọ́n á ní Ọlọ́run ti ṣe é, tí wọ́n bá lọ tán á lọ sùn títí ilẹ̀ fi máa ṣú, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu. Bí mo ṣe ń dúró sẹ́nu ọ̀nà nìyẹn, mò ń sọ fún wọn pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ ara yín kẹ́ ẹ tó jókòó, ẹ sọ ibi tẹ́ ẹ ti mọ̀ ọ́n, kẹ́ ẹ wá máa bá a sọ̀rọ̀ òní. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ kan bínú sí mi lórí ẹ̀, mo rọra tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, mi ò sì yí i padà.

Gángan ẹ̀, ara ògiri ibi tó ń gbà kọjá lọ sí balùwẹ̀ ni mo fi kọ́, mi ò sọ pé kó lù ú. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ló dédé mú un, ó gbé e há abíyá, ó ká ìka lé ọṣán, kọ̀ǹgọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ bó ṣe yẹ kó wà, ó wá lu ohun tó lù nígbà tí mò ń wọlé níbi ìgbéyàwó wa. Ó lù ú já, ó bi mí pé “orin kí nìyí?” Mo sọ fún un. Ó ní “ó dùn o.” Kò rántí ìgbéyàwó yẹn, kò tíì rántí ẹ̀ títí dòní.

Dókítà tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi ní ibi tí ọpọlọ ń kó ohun tó ṣẹlẹ̀ síni pa mọ́ sí yàtọ̀ síbi tó ń kó ohun tí ọwọ́ ti kọ́ sí. Ọ̀gá akọrin kan wà nílùú Gẹ̀ẹ́sì, Clive Wearing, àìsàn kan wọ ọpọlọ ẹ̀ ní 1985, kì í rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sẹ́yìn, síbẹ̀ ó ń tẹ dùùrù geere. Torí náà tí àbúrò yín bá tẹ kíbọ́ọ̀dù lọ́la, ẹ bá a yọ̀, àmọ́ ẹ má sọ fún ìyàwó ẹ̀ pé iyè ẹ̀ ti ń sọ nìyẹn, ẹ ó tún fọ́ ọkàn ọmọ yẹn ni.

Ṣé á padà? Díẹ̀ sábà máa ń padà, oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ ló sábà máa ń yá jù, lẹ́yìn náà á wá máa fà, bí ọdún kan sí méjì. Ọjọ́ ìjàǹbá fúnra ẹ̀ kì í sábà padà. Ìyàwó ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fà mọ́ra jù, torí kò sẹ́ni tó ń kí i kú ìrọ́jú. Ẹ sọ fún un pé kó jẹ́ kí wọ́n tún ara wọn mọ̀. Èmi àti ọkọ mi, a tún ara wa mọ̀ ni, ó ń bi mí ní ohun tí mo fẹ́ràn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tọrọ ọ̀rẹ́, ewédú tí kì í fẹ́ rí tẹ́lẹ̀, òun ló ń béèrè báyìí. Ó ní ìwé tó ń kọ nǹkan sí lálaalẹ́, fóònù ń rán an létí oògùn.

Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá fíìmù yẹn wò. Ariwo àti iná tó ń ṣẹ́jú lè dá orí fífọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó forí gbá, inú fíìmù yẹn sì kún fún ìlù. Tó bá fẹ́ wò ó, ẹ wò ó díẹ̀díẹ̀, ẹ má bi í ní nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ tún bi dókítà ẹ̀ nípa gìrì, torí ó lè mú ẹni tó forí gbá, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù, tó bá gbé e, ẹ dà á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má ki ṣíbí tàbí ohunkóhun bọ̀ ọ́ lẹ́nu, tó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, ọsibítù yá.

Kíbọ́ọ̀dù ẹ̀ ńkọ́, ṣé ilé ló wà àbí ṣọ́ọ̀ṣì? Tó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ lọ gbé e wálé, ẹ tò ó síbi tí ojú ẹ̀ á ti máa tó o, ẹ ki iná bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fa ohùn ẹ̀ wálẹ̀ kó má pariwo jù.